Ẹ̀gbin Ìyá Alágbàfọ̀

Wọ́n ní àwọn olówó ti ra ẹ̀gbin Ìyá Alágbàfọ̀, wọ́n gbé e sínú dígí, wọ́n sì ń sanwó kí wọ́n tó sunkún níwájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹkún náà ti ṣàn dé títì, pé ó kù díẹ̀ kó gbé ọlọ́kadà kan lọ. Ìyá pòṣé. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ kẹta, oníbàárà mẹ́ta ti wá kó aṣọ wọn láìfọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ gbóòórùn kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó dágbére. Ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ rere nìkan ni Ìyá ní. Alágbàfọ̀ tí wọ́n bá pè lọ́bùn, ta ni yóò gbé aṣọ funfun fún un?

Ó ní kí ọmọ òun obìnrin mú òun lọ síbẹ̀.

Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ni. Ìyá wòkè, ẹnu rẹ̀ kò pa dé. Ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́, tó rò pé wọ́n ti wó dànù, ni wọ́n gé bíi búrẹ́dì, tí wọ́n gbé kọ́ fíofío, tí wọ́n tanná sí títí èèyàn fi máa rò pé ọ̀run ló fẹ́ ṣí. Àmì dúdú kún ara rẹ̀ bámúbámú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ogójì Ọdún Ìdọ̀tí: Àárò Ayé Àtijọ́." Ẹkún kò dé títì lóòótọ́, àmọ́ bàbá kan tí bàtà rẹ̀ dán ju dígí lọ ń fi imú ra dígí tí wọ́n fi bo ògiri náà, ó ń dárò ìṣẹ́ tí kò bá a fínra rí. Ọ̀rọ̀ náà rí Ìyá lára bí ìgbà téèyàn bá irun nínú oúnjẹ.

Ayàwòrán tó gé ògiri náà sáré wá, ó ń ṣàlàyé pé ìdọ̀tí yìí tóbi débi pé ń ṣe lèèyàn máa ń dà bí èèrà níwájú rẹ̀. Ọmọ Ìyá rọra ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

 Ìyá bi ayàwòrán léèrè ẹni tó sọ fún un pé ìdọ̀tí ni. Ìyẹn ní ojú inú lòún fi rí i.

"Ojú inú ẹ ń fẹ́ ọṣẹ," ni Ìyá wí. "Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mò ń lò. Kí n tó gbé e lé aṣọ ẹnikẹ́ni, ara ògiri yìí ni mo kọ́kọ́ máa ń nu ìdí ẹ̀ sí. Gbogbo dúdú tó o rí yẹn, aṣọ àwọn èèyàn ni mi ò jẹ́ kó kàn. Pa ohun tó o kọ yẹn rẹ́, kọ èyí tí mo sọ, kó o sì fi àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù mi tuntun sí i. Mo dúró."