Ọjọ́ Tí Bàbá Fa Ọmọ Lé Olùkọ́ Òkè Òkun Lọ́wọ́

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, èmi náà á ní kó lọ sun oorun rẹ̀ tán kó tó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ mi ní Àkúrẹ́ ni bàbá ìyàwó mi ti ṣí fìlà fún kọ̀ǹpútà.

Ọmọbìnrin mi àgbà ló fẹ́ lọ kàwé sí i nínú ìmọ̀ kẹ́místìrì ní yunifásítì kan lókè òkun. Èmi rò pé ẹni tó bá fẹ́ lọ á kàn kọ orúkọ sílẹ̀, á sì máa di ẹrù. Irọ́ ni. Ó kọ́kọ́ wá ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, ó sì kọ̀wé sí i. Ilé ìwé tó ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi èsì ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi ránṣẹ́, wọn kò ní gbà á. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì jẹ́rìí rẹ̀. Ó tún ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi jiyàn láti kékeré! Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Ó wá ku kí òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n náà rí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí obìnrin náà bi í léèrè ọ̀rọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kò gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

Òfin yìí ni kò wọ bàbá ìyàwó mi létí.

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì sí Oǹdó. Bó ṣe gbọ́ pé olùkọ́ tuntun fẹ́ rí ọmọ-ọmọ òun, ó wọ mọ́tò, ó dé bá wa láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú fìlà tó máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló máa mú ọmọ náà lọ?"

"Bàbá, kò lọ síbì kankan. Inú pálọ̀ níbí ni."

"Mo gbọ́. Ta ló máa fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́?"

"Òun nìkan ni wọ́n fẹ́ rí, sà."

"Kí ló dé? Ṣé ọmọ òrukàn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin ará Oǹdó kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kí obìnrin náà láti ibí, á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún láìsí kọ̀ǹpútà."

"Ará Àkúrẹ́ tó fẹ́ ọmọ Oǹdó, tí kò tíì di adití, kó máa dúpẹ́."

Ìyàwó mi fi ẹ̀rín mú bàbá rẹ̀ wọ yàrá, ó ní kó jókòó síbẹ̀ títí a ó fi pè é.

Èmi àti ìyàwó mi dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń fetí gbọ́ ọ. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ eérú èèpo kòkó tí àwọn obìnrin fi ń se ọṣẹ, bí òun ṣe wọn agbára eérú oko kan sí ti òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ni obìnrin náà bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé inú èèpo ni agbára náà ti wá, tí kì í ṣe inú iyẹ̀pẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ mi dákẹ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá ń ronú. Èmi mọ̀. Bàbá kò mọ̀. Ọmọ dákẹ́ níwájú olùkọ́, àgbà kò sì sí lẹ́yìn rẹ̀! Kí a tó ṣẹ́jú, Bàbá ti gba ilẹ̀kùn kejì wọ pálọ̀.

Ó ṣí fìlà, ó tẹríba díẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀gá ilé ìwé sọ pé òun fa ọmọ náà lé e lọ́wọ́. Bó bá ṣe àṣìṣe, kó nà án dáadáa. Kó ṣáà fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn.

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ta nìyẹn? Ṣé ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Bàbá àgbà mi ni, mà. Ó kàn..."

Obìnrin náà ní òun máa dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ ná, òun ní láti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun pé ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Ìyàwó mi kọjú sí mi. "Kí ló dé tí ẹ kò fi ti ilẹ̀kùn?"

"Ṣé kí n ti bàbá rẹ mọ́lé ni?"

Ọmọ náà kò sunkún. Ó wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, àwọn tó mọ́ pàápàá. Bàbá jókòó sí iwájú ilé, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, kò wò ó.

"Èmi ni mo mú ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwé," ó ní. "Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá, ọmọ tó bá dá wá láìsí àgbà, ṣe ni mo máa ń dá a padà sílé."

Mo sún oúnjẹ náà mọ́ ọn, mo sì jókòó tì í.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ni ìdáhùn ọ̀jọ̀gbọ́n náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Wọ́n ní àwọn á tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ náà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà han gbogbo yàrá. Bí àwọn bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ó parí nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá jáde. Òun ló kọ́kọ́ jáde. Ó kọjá géètì, ó sọdá títì, ó lọ dúró ti ògiri ilé àkọ́kù kan. Mo tẹ̀lé e, mo ní kó jẹ́ ká yà sílé aládùúgbò.

"Wọ́n á kí mi," ó ní, "n ó sì dáhùn."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo sáré mú agbòjò wá. Ó fi ọwọ́ lé mi padà, kò la ẹnu. N kò padà. A jọ dúró síbẹ̀, omi ń ṣàn lára fìlà ṣọ́ọ̀ṣì náà, títí ọmọ fi sáré jáde láìwọ bàtà.

"Bàbá! Ó ní òun máa gbà mí! Ó ní kí n máa retí ìwé wọn!"

Bàbá la ẹnu láti dáhùn. Ikọ́ tó ti ń sé mọ́ àyà látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀, ló jáde. Ó wúkọ́ títí ó fi di ògiri mú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn.