Ilé Ìgbẹ̀bí Tí Gàfárù Ń Ṣọ́

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé Òkè-Àfá nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, yóò sọ fún yín pé kò sí máígáàdì tó ń yangàn tó Gàfárù. Àwọn kan ń ṣọ́ ilé olówó, àwọn kan ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Gàfárù ń ṣọ́ ilé ìgbẹ̀bí ìjọba, ó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Bí ewúrẹ́ bá na ọrùn sí géètì, igbe ni yóò fi lé e. Bí ọmọdé bá fọwọ́ kan ògiri funfun yẹn, Gàfárù yóò mú àkísà, yóò nu ojú ibẹ̀, yóò sì máa bú ìyá ọmọ náà lábẹ́ ẹnu.

Ẹ má bá a wí. Láti Ìgànná ló ti wá sí Èkó, kò ní iṣẹ́ ọwọ́ kankan, orí rẹ̀ ló fi ru bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Nígbà tí ilé parí, kọngílá tó gba iṣẹ́ náà dá àwọn lébìrà yòókù dúró, ó ní kí Gàfárù máa ṣọ́ ọ títí ìjọba yóò fi wá ṣí i. Wọ́n fún un ní aṣọ kakí, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, akọ̀wé ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, na ìka sí i nímú lọ́jọ́ náà.

"Gàfárù, gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá rí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ tẹrásò yìí kí ọ̀gá tó wá ṣí i, lílé nìkan kọ́ o, ẹ̀wọ̀n lo máa lọ. Má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá," ni Gàfárù wí. "Eṣinṣin ò ní bà síbẹ̀."

Kí ni wọ́n wá ń dúró dè? Ẹ bá mi bi wọ́n! Ilé ti parí, wọ́n ti kùn ún lọ́dà, gíláàsì fèrèsé ń dán, ẹ̀rọ omi wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, fáànù rọ̀ lókè àjà. Bẹ́ẹ̀dì tuntun wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tí wọn ò tíì bó náílọ́ọ̀nù lára ẹ̀, páálí oògùn sì kún yàrá ẹ̀yìn dé àjà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aboyún kankan ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ àfi bí ọ̀gá pátápátá nínú ìjọba bá wá gé ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n ti gbẹ́ orúkọ ọ̀gá náà sára òkúta dídán, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gá ní òun ń lọ sí ìlú òyìnbó. Ó dé, ó ní ọwọ́ òun dí. Kí wọ́n tó tún dá ọjọ́ mìíràn, àwọn sójà gbàjọba lọ́wọ́ àwọn sójà ẹgbẹ́ wọn, ọ̀gá tó wà lára òkúta di ẹni tí ìjọba ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ni wọ́n bá yọ òkúta. Wọ́n ní àfi kí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Odidi ilé ìgbẹ̀bí, òkúta ló ń dúró dè! Àwọn obìnrin Òkè-Àfá ń rọbí lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀, wọ́n ń bímọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, iwájú géètì yẹn náà ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Gàfárù a ṣí fìlà, a ní kí Ọlọ́run sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì tí ìjọba yàn síbẹ̀, Tinúadé lorúkọ rẹ̀, a máa wá láti Òṣòdì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wá yọjú. Yóò dúró ní géètì, yóò wo ilé náà láti òkè délẹ̀.

"Gàfárù, wọn ò tíì ṣí i?"

"Wọn ò tíì ṣí i, àǹtí."

"Wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa jókòó sílé. Ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé ṣá?"

Yóò pòṣé, yóò sì padà sí yàrá rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin.

Ìgbà tí wọ́n ń retí òkúta yìí ni Ìsíátù, ìyàwó Gàfárù, lóyún. Háà, ayọ̀ yẹn pọ̀! Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run. Àwọn ẹbí ní Ìgànná ti ń ránṣẹ́ pé kí Gàfárù fẹ́ ẹlòmíràn, ó kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí oyún wá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀ mọ́. Ìyá Mùktárù, àgbà obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, sọ fún Ìsíátù pé kó tètè lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn, nítorí aboyún tí kò bá gba káàdì sílẹ̀, wọn kì í fẹ́ gbà á wọlé lọ́jọ́ ìrọbí. Ìsíátù múra, ó fẹ́ lọ. Gàfárù ló dá a dúró.

"Káàdì wo? Kí èmi máa ṣọ́ ilé ìgbẹ̀bí, kí ìyàwó mi lọ máa tò sẹ́yìn èèyàn níbòmíràn? Ilé tí mo fi orí mi ru bíríkì ẹ̀, ibẹ̀ lo máa bímọ wa sí. Ọmọ tiwa ló máa kọ́kọ́ ké níbẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá Babáṣọlá, ó ní kò burú."

"Bí wọn ò bá wá tètè ṣí i ńkọ́?" ni Ìsíátù bi í.

"Wọ́n máa ṣí i."

Òótọ́ ni pé Babáṣọlá sọ pé kò burú. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́, ó sì ti gbàgbé kó tó dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gàfárù tiwa gba ọ̀rọ̀ akọ̀wé ìjọba bí ìlérí. Gbogbo àdúgbò ló sọ fún. Wọ́n tilẹ̀ ń fi Ìsíátù ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìjọba, òun náà a rẹ́rìn-ín, a fọwọ́ bo ẹnu. Oṣù ń lọ, ikùn ń yọ, káàdì ò sí.

Nígbà tó yá, òkúta tuntun dé, wọ́n sì dá Ọjọ́bọ̀ fún ìṣílé. Inú Gàfárù dùn, ó ní ẹ ò rí i, ṣé mo purọ́? Àfi bó ṣe di Ọjọ́rú, tí ilé ku ọ̀la kí wọ́n ṣí i, ni Ìsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Gàfárù kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní káàdì dà? Kò sí káàdì. Wọ́n ní àwọn tó gba káàdì gan-an ń bẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rọra yà á sílẹ̀, ó pe aboyún mìíràn wọlé. Kí ni kó ṣe? Ó tún gbé aya rẹ̀ sínú takisí, wọ́n ń bọ̀ nílé, Ìsíátù ń fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń làágùn yọ̀bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú géètì yẹn, obìnrin náà ò lè lọ mọ́. Gàfárù wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ẹ̀wọ̀n. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù tuntun, ó pe Ìyá Mùktárù wá dúró tì í, ó yá kẹ̀kẹ́ aládùúgbò, ó sì gùn ún lọ sí Òṣòdì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni nọ́ọ̀sì Tinúadé ti wọ bàtà. Ẹ jẹ́ kí n yin obìnrin yẹn: kò bi í pé ta ló fún un láṣẹ, kò ní òun ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló gùn pẹ̀lú báàgì kékeré rẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun alásárì, ọmọ ti ké. Gàfárù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ, ó fò sókè. Obìnrin ni ọmọ náà, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀. Kò tíì dúpẹ́ tán tí ohùn nọ́ọ̀sì fi yí padà.

"Gàfárù, omi! Bu omi wá kíákíá, ẹ̀jẹ̀ yìí ò dá!"

Ó sáré sídìí ẹ̀rọ omi, ó yí i. Kò sí nǹkan kan. Ó sáré wọ yàrá kejì, ó yí tibẹ̀, aláǹtakùn kan ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó yí gbogbo wọn. Àràárọ̀ ló ń nu àwọn ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n ń dán yinrin, kò yí ọ̀kan wò rí, torí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Ara ògiri lásán ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́. Kò sí páìpù tó so wọ́n mọ́ ibì kankan.

"Fi omi sílẹ̀! Páálí oògùn yẹn, tú u! Abẹ́rẹ́, omi tí wọ́n ń fà síni lára, ohunkóhun tó o bá rí!"

Gàfárù fa páálí kan ya. Èérún pákó ló dà sílẹ̀. Ó ya òmíràn, bébà àtijọ́ tí wọ́n rún pọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ń ya wọ́n, ó ń sunkún, ó ń pe Ọlọ́run, títí páálí fi tán nínú yàrá yẹn. Gbogbo ìgbà tó ń lé ewúrẹ́, tó ń lé ọmọdé, tó ń sùn lójú kan nítorí olè, àṣé àwọn olè ti kó o tán kí wọ́n tó ní kó wá máa ṣọ́ ọ. Orí mi ń gbóná bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ilé ta ni owó oògùn yẹn kọ́? Ta ló fi ra mọ́tò?

Ìyá Mùktárù sáré gbé omi kànga dé, nọ́ọ̀sì ti fi gèlè ara rẹ̀ di ìdí obìnrin náà, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní àfi kí wọ́n wá mọ́tò. Gàfárù wọlé wá wò ó. Ìsíátù ti funfun lójú. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dé ara tẹrásò," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́ o, kí wọ́n má baà lé yín."

"Ìsíátù, fi tẹrásò sílẹ̀, jọ̀ọ́! Mò ń bọ̀, mò ń wá mọ́tò."

Ó bọ́ sí títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, àwọn awakọ̀ ń yà fún un bí ẹni ń yà fún wèrè. Awakọ̀ akẹ́rù kan ló ṣàánú rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé géètì, Ìyá Mùktárù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Gàfárù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ààfáà sọ pé ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, kó di àárọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n ń wẹ òkú Ìsíátù lọ́wọ́ nílé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí Babáṣọlá já wọ agbo ilé pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Ó ti rí ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí páálí yíya. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"O fọ́ ilé ìjọba! Ìwọ àti nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ̀ẹ́ jọ ṣẹ̀wọ̀n ni. Obìnrin kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́." Ó gbọ́ tí ìkókó ké nínú yàrá, ó yíjú síbẹ̀. "Ọmọ yè?"

"Ó yè, sà."

Ẹ bá mi wo ojú ọkùnrin náà bó ṣe yí padà! Ó fọwọ́ lé Gàfárù léjìká. Ó ní tó bá gbé ọmọ náà wá kí ọ̀gá sójà tí ìjọba rán wá lè gbé e fún fọ́tò, òun á gbàgbé gbogbo ẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sin ìyàwó mi."

"Kò ní pẹ́. Wọ́n á dúró dè ẹ́."

Nítorí Tinúadé ló ṣe lọ. Obìnrin tó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ tó gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, báwo ló ṣe máa jẹ́ kí wọ́n mú un lọ sí kóòtù? Àmọ́ ta ló rí ọ̀gá ìjọba tó tètè dé ibi kan rí? Oòrùn gòkè, báńdì ọlọ́pàá ń fun fèrè, wọ́n fi okùn há àwọn ará àdúgbò mọ́ ọ̀ọ́kán. Gàfárù dúró nínú kakí, nọ́ọ̀sì wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ọmọ dúró tì í, ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú. Láti ibẹ̀ ni Gàfárù ti rí àwọn ààfáà tí wọ́n gbé Ìsíátù nínú aṣọ funfun kọjá lójú títì. Wọn ò lè dúró dè é mọ́. Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré, ọlọ́pàá di ṣòkòtò rẹ̀ mú lẹ́yìn.

Ọ̀gá sójà dé, ó gé ríbọ́ọ̀nù. Ọmọ ìlú mìíràn ni, kò gbọ́ Yorùbá, Babáṣọlá ló ń túmọ̀ fún un. Wọ́n mú un dé ìdí ẹ̀rọ omi kan, ó yí i, omi tú jáde ṣàà! Wọ́n ti fi rọ́bà so ó mọ́ ọkọ̀ tánkà tí wọ́n gbé pamọ́ sẹ́yìn ilé, omi tánkà náà ni wọ́n sì ti fi fọ ẹ̀jẹ̀ Ìsíátù kúrò nílẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá sójà gbé ọmọ, àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bi bàbá ọmọ léèrè: ìyá ọmọ dà?

Babáṣọlá túmọ̀ ìbéèrè náà fún Gàfárù, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Gàfárù gbójú sókè. "Ẹ wí fún un pé ó ti kú. Inú ilé yìí ló kú sí lánàá. Omi ò sí, oògùn ò sí, èérún pákó ni wọ́n dì sí páálí. Ẹ wí fún un pé wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó lọ́wọ́ báyìí, wọn ò sì jẹ́ kí n lọ."

Babáṣọlá yíjú sí ọ̀gá sójà, ó sọ ọ́ lédè òyìnbó, gbólóhùn kan péré. Ojú ọ̀gá sójà rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí Gàfárù, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e sì pàtẹ́wọ́.

Gàfárù dúró lójú kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Kò yé e. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì Tinúadé tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Àǹtí, kí ni ọ̀gá Babáṣọlá sọ fún un?"

"Ó ní o sọ pé ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, o sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba."