Àtẹ́wọ́ Mẹ́ta Ìyá Tíṣà

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Bí ariwo wọn bá ti fẹ́ ṣí òrùlé, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo wọn á sì fìdí lélẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ẹni tó bá ti jókòó, àní òun fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde títí yóò fi sọ pé, "Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi." Kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti kọ́ ìyá, ó ti kọ́ ọmọ. Mẹkáníìkì onírùngbọ̀n tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, bó bá rí i lókèèrè, ẹ̀yìn ló ń fi sìgá pamọ́ sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí ìjọba ti ilé ìwòsàn àdúgbò pa, tí aboyún méjì sì kú sójú ọ̀nà, ọmọ yìí ló kó àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí i. Ìyá rẹ̀ ní òun ń bọ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi bí ẹ ni?"

Ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba ni àwọn ọlọ́pàá ti dá wọn dúró, ìbọn lọ́wọ́ wọn. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ìyá Tíṣà bọ́ síwájú, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ò rí nǹkan! Mẹkáníìkì, alápatà, àgbààgbà èèyàn, wọ́n jókòó sórí títì ọlọ́dà, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn kì í na ẹni tó bá jókòó."

Wọn ò nà wọ́n lóòótọ́. Ìbọn ni wọ́n yìn.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ráyè sá. Àwọn tó jókòó níwájú ni kò tètè rí ara gbé. Ìyá Tíṣà ń pariwo, ṣùgbọ́n "ẹ dìde" kò wá sí i lẹ́nu. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn, nínú aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí pé kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ó mọ àwọn tó pa ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ọmọ náà jókòó? Ìbéèrè yìí ló ń bá a sùn, òun ló ń bá a jí.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Ọ̀gá ọlọ́pàá búra, ó ní jàǹdùkú ni àwọn tó kú, pé ṣe ni wọ́n dìde ya lu àwọn. Ojú kò tì í. Bí Ìyá Tíṣà bá dákẹ́, jàǹdùkú ni wọn yóò kọ ọmọ rẹ̀ sí nínú ìwé. Bó bá sì sọ̀rọ̀, òun ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Ó dìde.

"Wọ́n jókòó. Èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn jókòó torí pé ẹ pàtẹ́wọ́?"

Ìyá Tíṣà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo ará àdúgbò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fìdí lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà jókòó, ìbọn lórí itan, kó tó rántí ibi tó wà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Alága sọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún akọ̀wé pé, "Kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó."

Àwọn tó wà nílẹ̀ ń wo ojú Ìyá Tíṣà, wọ́n ń retí kó ní kí wọ́n dìde, bí wọ́n ṣe retí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ilẹ̀ ló ṣì ń wò, bí ẹni pé ó ku ẹnì kan.