Ọmọ Tí Mo Rò Pé Kò Fẹ́ Mi

Èéfín púpurú ni mo fi ń rántí ọdún tí mo bí àkọ́bí mi. Ilé ìyá ọkọ mi ní Igbotako ni mo ti ṣe ọlọ́jòjò ọmọ tuntun, torí ọ̀nà jíjìn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ìyá náà sì ń yan púpurú tà lẹ́yìnkùlé, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ. Láàárọ̀, èéfín á wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò sì ní lè dìde. Kì í ṣe pé ara ń ro mí. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n ti fa gbogbo agbára inú mi dànù. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́, orin ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ sì di ariwo létí mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló wá burú jù. Bí mo bá ti gbé e, á figbe ta. Mo bá gbà lọ́kàn ara mi pé ọmọ yìí ti wò mí, ó sì ti rí i pé mi ò yẹ ní ìyá. Ọmọ oṣù méjì! Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ náà ń pa mí lónìí, àmọ́ nígbà náà, ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Mo tiẹ̀ ti pinnu pé màá fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, kí n wọ mọ́tò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Mo ti kó aṣọ mi sínú báàgì.

Nígbà tí a lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì ṣàkíyèsí pé mi ò wo ojú ọmọ náà rárá. Ó bi mí pé ṣé mò ń rí oorun sùn, ni mo bá bú sẹ́kún. Ó sọ fún ìyá ọkọ mi pé àìsàn ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá àwọn abiyamọ nígbà míì, kí wọ́n mú mi lọ sí ọsíbítù ní Òkìtìpupa. Aládùúrà paraku ni ìyá ọkọ mi, mo rò pé wọn ò ní gbà. Wọ́n ní, "Inú takisí la ti máa gbàdúrà, ìyàwó mi. Wọ bàtà ẹ."

Iṣẹ́ obìnrin tí a bá níbẹ̀ ni kó máa fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un tán pé ọmọ mi ò fẹ́ mi, kò bá mi jiyàn. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé kì í sunkún lọ́wọ́ ẹlòmíì?"

Mi ò mọ̀. Tí wọ́n bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi, aṣọ ni mo máa ń fi borí. Ó ní bí àìsàn yìí bá dé, èrò burúkú á máa sọ̀rọ̀ bíi pé ìṣojú rẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, a ó sì gbà á gbọ́ láìbi í ní ohunkóhun. Kí n lọ fi ojú ara mi wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹkún, mo gbé e fún ìyá ọkọ mi, mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Wọ́n jó, wọ́n kọrin, wọ́n pọ̀n ọ́n yí àgbàlá ká, ńṣe ni igbe náà ń le sí i. Nígbà tó sú wọn, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Gba ọmọ ẹ jàre! Bàbá ẹ̀ gan-an ò ké tó báyìí."

"Màmá, ṣé ó máa ń ṣe báyìí fún yín?"

"Lójoojúmọ́! O ò gbọ́ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Ọmọ náà kò dákẹ́ o. Àmọ́ ẹkún ọmọ lásán ló wá jẹ́ létí mi.

Kò tán lọ́jọ́ kan. Dókítà fún mi lóògùn, mo sì ń padà sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó ní kí n máa tètè wẹ̀ láàárọ̀, kí n máa bá ìyá ọkọ mi yí púpurú lórí iná, kí n má dúró dìgbà tó bá wù mí. Lóòótọ́, mo kọ́kọ́ ń ṣe é láìwù mí, kó tó wá di ohun tó ń wù mí. Lọ́jọ́ kan, mo tú báàgì yẹn, mo fọ gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi bá mi sá wọn.

Èrò burúkú ṣì máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó bá rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò tètè ń gbà á gbọ́ mọ́. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé. Láìpẹ́ yìí, bí a ti ń jẹun, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé mo dà yín láàmú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́?"

"O ké dáadáa."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo dúró tì ọ́."

Ó mi orí, bíi pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan ńlá, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.