Jangirọ́fà Ìka Mẹ́rin

Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń wọ́ ṣòkòtò kakí nílẹ̀ lọ sílé-ìwé ní Ṣábẹ̀, ẹ má bi í léèrè ẹni tó rán an. Ẹ̀gbọ́n mi ni, Abdoulaye Aránṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ ti wà ní àdúgbò Plateau láti ogójì ọdún. Yóò fi okùn ìwọ̀n wọn ọmọ náà dáadáa, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò wá fi ìka mẹ́rin lé e. Ìka mẹ́rin lápá, ìka mẹ́rin lẹ́sẹ̀, ìka mẹ́rin nídìí. "Yóò dàgbà bá a," ni yóò wí, àwọn òbí á sì máa dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Ìwà yìí ń rí mi lára. Ó ti ń rí mi lára tipẹ́tipẹ́, mi ò sì ní purọ́ torí pé ẹ̀gbọ́n ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Aïssatou. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo sì tọ́ ọ dàgbà. Mi ò rí ọjọ́ kan tí ọmọ yẹn wọ aṣọ tó bá a mu. Kí aṣọ tó wá bá a mu, ó ti gbó, ẹ̀gbọ́n á tún rán òmíràn. Bàtà náà ńkọ́? Àkísà la fi ń dí i níwájú. Lọ́jọ́ òmìnira kan, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń yan, bàtà ọ̀tún yọ lẹ́sẹ̀ Aïssatou láàárín títì. Ó padà lọ mú un, ìlà fọ́, èrò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó sọ nígbà tá a délé ni pé bàtà náà ṣì máa pẹ́.

Aïssatou ti di ará Parakou báyìí, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bímọ méjì: Tọ́ládé, ọmọkùnrin ọdún méje, àti Moufidatou, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún. Lésìí, ilé-ìwé gba ìsinmi, ó kó wọn wá lo vakáǹsì oṣù kan. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti ń sunkún ilé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré ní àgbàlá wa? Adìyẹ ni, àti okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá wọn ní, "Bàbá, bí kò bá sí nǹkan ìṣeré níbí, mi ò ní lè kó wọn wá mọ́ o. Ẹkún wọn pọ̀ jù."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ẹ̀gbọ́n mi lára. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, àwọn méjì yẹn nìkan ló sì ní tó lè pè é ní bàbá àgbà. Ó kọ́kọ́ lọ wo ike gìrìwò kan tí ọmọdé máa ń yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀, lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní tó bá fi máa di ọdún méjì, ẹsẹ̀ wọn á ti gùn jù ú lọ. Òótọ́ ló sọ, mi ò jiyàn. Ló bá mú mi dání, ó di ọ̀dọ̀ Rafiou, tó ń jó irin pọ̀ lọ́nà Sakin, pé kó ṣe jangirọ́fà fún òun: òpó irin, ìjókòó pákó, kó fi ṣéènì so ó rọ̀.

Rafiou ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ṣéènì rẹ̀ gùn, kí n fi ìkọ́ gbé e. Ní báyìí tí wọ́n kéré, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá dọdún, ẹ fà á sókè díẹ̀. Wọ́n á lò ó títí wọ́n á fi hu irùngbọ̀n."

Ṣé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kọ́ nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n ní kí n dúró gbọnrangandan. Ó fi okùn ìwọ̀n wọ̀n mí láti ilẹ̀ dé ìbàdí, ó fi ìka mẹ́rin lé e. "Ibí yìí ni kí ìjókòó wà. Gé ṣéènì tó bá ṣẹ́kù, kí o jó o mọ́ irin. Wọ́n á dàgbà bá a."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mẹ́rin ni Moufidatou."

"Ṣé bí yóò ṣe wà títí nìyẹn?"

Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú Rafiou. Ojú tì mí lẹ́yìn náà, àmọ́ mo ti tu ú.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́dún yìí, àwọn ọmọ sáré lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni. Iwájú orí Moufidatou ni ìjókòó náà dé. Mo gbé e lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan nǹkan kan, ó figbe ta, mo gbé e kúrò. Tọ́ládé rọ́ gùn ún, ó já bọ́, ó fi eyín gé ètè ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ní sùúrù. Ẹ máa dàgbà bá a." Ọlọ́run ló yọ ọ́, ǹ bá ti fi igbá omi tó wà lọ́wọ́ mi lù ú.

Aïssatou ò pariwo. Ó fi gèlè nu ẹnu ọmọ rẹ̀. "Bàbá, kò sí ọmọ tí ẹ ò tíì wọ̀n ní Ṣábẹ̀ yìí. Ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ bí mo ṣe ga tó rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Aïssatou kó ẹrù, wọ́n lọ.

Odidi oṣù kan, jangirọ́fà dúró lásán, adìyẹ ń yàgbẹ́ sórí pákó rẹ̀. Mo wá ń sá ìnulẹ̀ sórí ṣéènì rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n lè máa rí i. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà nílé, ẹ̀yin gan-an lẹ wọ́ ọ." Ó ń jẹun, ó ń wo àgbàlá.

Ní Jímọ̀ kan, ó kírun tán, ó ki okùn ìwọ̀n sápò, ó wọ taksí, ó di Parakou. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Rafiou ló gbà lọ tààrà, mo rí i tó ń kọjá, mo sì tẹ̀ lé e, torí mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní kí Rafiou gé ibi tó jó, kó fi ṣéènì gígùn àti ìkọ́ sí i. Ó yọ ìwé péńpé kan. Mo já a gbà. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, Tọ́ládé àti Moufidatou, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó.

"Ẹ ti fi ìka mẹ́rin lé e, àbí?"

"Rárá. Bí wọ́n ṣe ga lánàá nìyẹn."

"Ṣé wọ́n á tún wá?"

"Ìyá wọn ní kí n tún un ṣe ná, òun á wá wò ó."

Inú mi ò tíì rọ̀. Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń ká okùn ìwọ̀n náà mọ́wọ́, ó ká a títí ó fi tán.

"Ìyẹn ti dàgbà, Chérifatou," ó ní.