Ríìmù Inú Ófùnù

Lọ́dún 1994, òtútù kò jẹ́ kí ọ̀dà tí Sẹ̀gilọlá fọwọ́ ara rẹ̀ kùn sí ríìmù ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ kó le. Ọkọ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Gbé e lọ fún mẹkáníìkì, o ò gbọ́."

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé aláìsàn dìde lójoojúmọ́ ní ilé ìwòsàn ní Lanham lókè òkun, ṣé ríìmù ni yóò dá a dúró? Ó ṣí fèrèsé, ó kó àwọn ìkòkò tó ti sọ ófùnù di ilé jáde, ó ti ríìmù bọ ibẹ̀, ó tanná sí i.

"Sẹ̀gi! Nínú ófùnù oúnjẹ?"

"Oúnjẹ wo, Bàbá Jesse? Kí la yan níbẹ̀ rí?"

Nígbà tí ríìmù jáde tó sì tutù, ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà kò bó.

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ pa á. "Ó mà ń dán o. Ríìmù ọkọ̀ tèmi ńkọ́?"

"Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì."