Àpò Dúdú Tí Mo Gbé Lọ sí Ààtàn

Títí di òní, bí òórùn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná bá pàdé èéfín ààtàn Solous nínú imú mi, inú mi á kọ́kọ́ dùn, kí n tó rántí pé kò yẹ kó dùn. Bí Ọjọ́rú wa ṣe máa ń rùn nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ìrẹsì á wà nínú kúlà lẹ́yìn mọ́tò, a ó gba Ìkòtún wá sí Ìgàndó, a ó sì yí gíláàsì sókè bí a bá ti ń sún mọ́ ààtàn, ṣùgbọ́n èéfín Solous kì í tọrọ àyè kó tó wọlé. Ibi tí à ń lọ ò jìnnà síbẹ̀: ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Egan, níbi tí dókítà kan ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń dààmú.

Èmi ni mo ń wakọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì yọjú díẹ̀ sí girama, kí n má parọ́ fún ọ. Ẹni tí mo ń gbé kiri ni obìnrin kan tí ilé-iṣẹ́ olóògùn ń rán sí àwọn dókítà, ọmọ dáadáa tó ń sọ òyìnbó bí ẹní mumi, tó sì ń pè mí ní Bàbá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣàlàyé fún dókítà ìdí tí oògùn tiwọn fi dáa ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹnu ló fi ń ṣàlàyé o, kì í ṣe ìrẹsì, ṣùgbọ́n mi ò rí ọjọ́ kan tí ẹnu yẹn dé láìsí ìrẹsì. Dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì á máa jẹun, ọ̀gá mi á máa ṣí ìwé tó ní àwòrán, níbi tí ìlà kan ti ń gòkè bí ẹni ń gun òkè. Aago tó wà lára ògiri lókè orí dókítà, orúkọ oògùn náà ló wà lójú ẹ̀. Bíróò tó fi ń kọ̀wé, orúkọ kan náà. Agbòjò àwọn nọ́ọ̀sì, òun náà ni. Èmi náà gba fìlà tèmi, bó bá sì di Sátidé, màá dé e jáde ládùúgbò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Fìlà yẹn ló gbé mi dé ibi tí mi ò mọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà. Wọ́n á gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá pé kí n bá àwọn wò ó. Màá wọ awò ojú mi, màá yí páálí náà síwá sẹ́yìn, màá mi orí, màá ní èyí dáa, kí wọ́n ṣáà jẹun kí wọ́n tó lò ó. Ọlọ́run ló yọ mí tí mi ò fi pa ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà gbà pé mo mọ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni, ní Ayọ̀bọ̀. Ọdún mélòó kan ṣáájú, àìsàn ọpọlọ ti ṣe é rí, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ṣùgbọ́n dókítà Egan yìí kan náà ti fún un ní oògùn àtijọ́ kan, hóró kékeré báyìí, tí kò lókìkí, tí ẹnikẹ́ni ò ṣe aago fún. Ó máa ń mú kí ẹnu ẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń mú un sùn fọnfọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ẹ̀ ti balẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì ń bá mi jà bí mo bá ti mu ṣúgà jù nínú tíì.

Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi pẹ̀lú páálí tuntun nínú báàgì. Mo ti mọ páálí náà kó tó yọ ọ́ tán, torí orúkọ ara ẹ̀ ló wà lórí fìlà mi. Ó ní dókítà ní kí òun fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí òun bọ́ sórí tuntun, pé ìwádìí ni wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀, òun sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó yí páálí náà lọ́wọ́ títí.

Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀. Ti àtijọ́ ò ṣe mí ní láburú kan. Ṣé kí n lò ó?"

Gbọ́ ohun tí mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Awakọ̀ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀, torí àwọn tó jókòó sẹ́yìn máa ń rò pé ara mọ́tò ni etí wa. Mo ti gbọ́ tí ọ̀gá mi ń sọ lórí fóònù pé dókítà tó bá ti rí aláìsàn tó pọ̀ tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, orúkọ ẹ̀ á wà lára àwọn tó ń lọ sí ìpàdé kan ní òkè òkun, ní òtẹ́ẹ̀lì etí omi. Nítorí náà, mo mọ̀ pé dókítà ń wá èèyàn. Bóyá oògùn náà dáa tàbí kò dáa, mi ò mọ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ náà kò ju ìyẹn lọ: mi ò mọ̀, padà lọ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń yí ohun tó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé mi ò mọ̀, fìlà ti ṣí lórí mi nìyẹn. Mo wọ awò ojú mi.

Mo ní, "Lò ó. Òun ni àwọn dókítà ńlá ń lò báyìí."

Ó dúpẹ́. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù tí àwọn dókítà kọ ohun tí oògùn náà ṣe fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí, láti àwọn ilé ìwòsàn tí à ń lọ, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Egan. Ọ̀gá mi á jókòó sẹ́yìn, á máa pín wọn sí méjì. Àwọn tó lo oògùn náà dópin, ó ń kó wọn sínú àpòòwé funfun. Àwọn tó dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó ń jù wọ́n sínú àpò rọ́bà dúdú. Mo bi í pé kí ló ṣe àwọn inú àpò.

"Wọn ò parí ni, Bàbá. Ẹni tí ò bá parí kì í wọ ìṣirò."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò parí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, ó ní, "Bàbá, ẹ máa wo ọ̀nà jàre." Mo wo ọ̀nà. Nígbà tí mo gbé e délé, ó ní kí n bá òun da àpò náà nù, pé kò sí àyè fún un ní ọ́fíìsì. Solous ló sì wà lójú ọ̀nà mi. Mo gbé àpò kìíní lọ. Ó tún ṣe díẹ̀, mo gbé èkejì lọ.

Láàárín ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè mí. Wọ́n ní ọmọ náà ò lè jókòó mọ́. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa jó; bó bá dìde, á máa rìn yí pálọ̀ po, á ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú eegun òun. Oorun ti dá lójú ẹ̀. Ó ti lọ sọ fún dókítà, dókítà ní bóyá àìsàn àtijọ́ ló ń padà bọ̀, kó ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ni mo rí sí i. Èmi, Dókítà onífìlà, mo ní ara ẹ̀ ń kọ́ oògùn náà ni.

Àpò kẹta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń fà á jáde nínú búùtù, lẹ́bàá ààtàn. Afẹ́fẹ́ gbé ìwé, mo ń sáré tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ, àwọn tó ń ṣa ike sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Abẹ́ bàtà mi ni mo ti rí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò kọ orúkọ, létà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ péré ni, pẹ̀lú ọjọ́ orí, àti pé olùkọ́ ni, Ayọ̀bọ̀. Òyìnbó mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìyẹn kà: kò lè jókòó, kò sùn, ohùn ti padà, ó ti dáwọ́ oògùn dúró. Mo ṣa mẹ́ta míì. Ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Méjì nínú wọn ò lè jókòó.

O máa rò pé mo sáré lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Mo ká ti ọmọ náà sínú fìlà mi, mo kó ìyókù jọ, mo sì jù wọ́n sórí ààtàn bí wọ́n ṣe rán mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń wo ẹ̀yìn bíi pé ọlọ́pàá ń lé mi bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá mi ti wà nílé ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó tó mi, tó ti wakọ̀ ní Èkó láti ìgbà èwe, tí kò sá fún àgbèrò rí, bébà kan ló ń lé mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbé bébà yẹn sórí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilé ìwé pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́, ó ti jáde. Ìgàndó ni wọ́n ti rí i, lẹ́sẹ̀ lásán, tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń dá ẹni tí a ò rí lóhùn. Ilé ìwé ní kó má padà wá mọ́, pé àwọn òbí ti ń bẹ̀rù.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ, láìdé fìlà. Kì í ṣe Ọjọ́rú, kò sì sí ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì tó rí mi wo ẹ̀yìn mi bóyá kúlà ń bọ̀. Mo tẹ́ bébà náà síwájú dókítà, mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní méjì míì tí mo rí náà ò lè jókòó. Ó ka ohun tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ látòkè délẹ̀.

"Èmi rò pé òun nìkan ni," ló sọ. "Ìwé èsì tí ilé-iṣẹ́ yín ń mú wá fún mi, kò sí irú ẹ̀ nínú ẹ̀." Ó gbójú sókè wo aago, bí ẹni pé aago á dáhùn. "Níbo lẹ ti rí èyí, Bàbá?"

Mo ní ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni, sà. Mo mọ ìdí tí kò fi sí nínú ìwé èsì. Àpò mẹ́ta. Mi ò sọ ọ́.

Ó dá ọmọ náà padà sórí oògùn àtijọ́. Ó pẹ́ kí ohùn tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Ilé ìwé ti gba ẹlòmíì. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn ilé ìwé báyìí. Èmi náà fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà tó yá. Má yìn mí, ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́.

Nígbà tí ara ẹ̀ yá tán, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá dúpẹ́ nílé. Lẹ́yìn àdúrà, ọmọ náà dìde, ó ní Ọ́ńkù ló gba òun, pé bí kì í bá ṣe Ọ́ńkù tó gbé ìwé lọ bá dókítà, òun ì bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo dá ẹran tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú abọ́.

Mo bá a lọ sẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọ abọ́, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un: awò ojú tí mo wọ̀, òtẹ́ẹ̀lì etí omi, àpò kìíní, èkejì, ìkẹta, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Abọ́ kan ṣoṣo ló ń fọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Èébú ì bá tù mí lára.

Ó ní, "Àwọn tó kù ńkọ́, Ọ́ńkù? Àwọn tí ò ní ọ́ńkù nínú mọ́tò?"

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí Egan, mo sọ ti àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún dókítà. Kò bú mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bíróò wa ló fi kọ ọ́. Ó bi mí bóyá mo rántí létà orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn yòókù, tàbí ilé ìwòsàn tí ìwé kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo ní mi ò mọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi wọ awò ojú kiri, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ yẹn nìyẹn, nígbà tí kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Bí wọ́n bá gbé oògùn wá bá mi nísinsìnyí, ohun kan náà ni mò ń sọ. Àwọn ará ilé ní mo ti ń gbéra ga. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba Ìgàndó kọjá, mi ò yí gíláàsì sókè mọ́. Mo máa ń jẹ́ kí èéfín náà wọlé, mo sì máa ń gbìyànjú láti rántí àwọn létà orúkọ yẹn.